Èmi àti Ọkọ Mi Obìnrin Nídìí Kọ̀ǹpútà

Ọkọ mi pọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló fẹ́ mi níyàwó, ṣùgbọ́n nínú agbo ilé tí wọ́n gbé mi sí ní Olówógbowó, gbogbo ẹni tí wọ́n ti bí sínú ilé kí n tó dé ibẹ̀, ọkọ mi ni, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́. Bí ilé ṣe rí nìyẹn, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Ẹni tí mo bá jà, inú mi lọ́hùn-ún ni mo ti bá a jà. Àbúrò ọkọ mi ni, àbíkẹ́yìn ìyá wọn, obìnrin.

Nínú ilé, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, torí ọkọ mi ni. Òun náà á fi "ẹ" dá mi lóhùn, torí pé mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jù ú lọ. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn wa láti ìta á rò pé àwọn arúgbó méjì ló ń kí ara wọn. Níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí, "ó" ni màá máa pè é. Òun kọ́ ló ni bébà mi.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé mi wọlé, òun ni wọ́n ní kó gbé omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni nígbà yẹn. Aṣọ tó wọ̀ tóbi jù ú lọ, omi ń dà sí i láyà, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun gan-an ló ń gbéyàwó. Eyín rẹ̀ tò, ó funfun báláú. Ìyàwó ilé kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọmọ, tiwọn ni; ìyàwó gbọ́dọ̀ wá tirẹ̀ tí yóò máa fi kẹ́ ẹ. Mo wo eyín yẹn, mo ní Eyínfúnjowó ni èmi yóò máa pè é. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Kò pẹ́ tí àwọn ìyàwó tó ṣáájú mi pàápàá fi pa èyí tí wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ tì, tèmi ni wọ́n ń pè. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo àwa ìyàwó ń pè ní Àlàájà, náà máa ń pè é bẹ́ẹ̀ bí inú wọn bá dùn. Mo fi yangàn nígbà náà.

Èmi kò lórúkọ níbẹ̀. Ìyàwó ni mí. "Ìyàwó wa, bá wa gbómi kaná." "Ìyàwó wa, ta ló ń kanlẹ̀kùn yẹn?" Àwọn ìyàwó mìíràn wà nínú ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti di ìyá lágbájá, ìyá tàmẹ̀dù. Èmi ni wọ́n gbé dé kẹ́yìn, n kò sì tíì bímọ, ni ìyàwó bá lẹ̀ mọ́ mi. Nígbà tó yá, n kò gbọ́ ọ mọ́ bí orúkọ. Ìró ilé ni, bí ìró ìlẹ̀kùn.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nígbà náà kò ju kí n tẹ̀wé fún àwọn oníbàárà kí n sì ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn gáréèjì Obalende. Lókè wa, ọkùnrin ará Èkìtì kan ní yàrá tó kún fún wáyà. Èmi ni mo máa ń bá a tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mo ń kà á, bí mo ṣe ń kà á ni ẹnu ń yà mí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa já wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá bẹ̀ ẹ́. Wọ́n á buwọ́ lùwé pé àwọn gbà á láyè, á wá gbogbo ọ̀nà tí olè lè gbà wọlé, á wọlé lóòótọ́, á sì padà wá sọ ibi tó gbà fún wọn kí olè gidi tó rí i. Mo gòkè lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ní mo fẹ́ kọ́ ọ.

Ó ní, "Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ díẹ̀, sà. Mo ti ń ka ìwé yín látìgbà tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde."

Ó wò mí tìfura-tìfura. "Ìwé àwọn kọ́sítọ́mà mi lẹ ń kà?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n máa ṣọ́ra fún ẹni tó ń bá wọn tẹ̀wé."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Bí mo ṣe dọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀gá wa kò nígbàgbọ́ nínú pé kéèyàn jókòó ti ìwé lórí iṣẹ́ yìí. Ó to àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù sórí tábìlì gígùn kan, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi àbùkù sí wọn lára. Ọ̀kan wà tó gbàgbé láti béèrè ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, ọ̀kan wà tó ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ fún un gbọ́, ọ̀kan wà tó ń sọ ju ohun tí wọ́n bi í lọ. Àwa á jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan títí a ó fi rí ibi tó ń jò. Bí a bá béèrè ìrànlọ́wọ́, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ẹ fọwọ́ kàn án." Òfin kan ṣoṣo ló ní. Kọ̀ǹpútà tí olówó rẹ̀ kò bá yọ̀ǹda, a kò gbọ́dọ̀ tilẹ̀ mí sí i. Ó lé ọmọkùnrin kan dànù níṣojú wa nítorí pé ó dán ohun tó kọ́ wò lára Wáìfáì ilé oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀.

Ó pẹ́ kí n tó rí ọ̀nà kankan. Mo ń ti orí iṣẹ́ mi gòkè lọ, mo ń jókòó ti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí kò dá mi lóhùn, ẹ̀yìn ń ro mí. Àmọ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, ìlà kékeré kan yọ ní ojú rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú, ó ń dúró de ohun tí mo bá fẹ́ kó ṣe. Mo gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, mo kàn ń wò ó. Nílé, èmi ni mo máa ń dúró de àwọn èèyàn: kí wọ́n jẹun tán, kí wọ́n wẹ̀ tán, kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Èmi ni nǹkan kan wá ń dúró dè báyìí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí mo ń wá ní yàrá yẹn. Ibì kan ni mo ń wá tí èmi náà yóò ti ṣáájú ẹnìkan, tí kò ní jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí èèyàn sílé ni wọ́n ó máa fi wọn ipò.

Mo sì rí i fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó dé lẹ́yìn mi ń pè mí ní Àǹtí. Bí kọ̀ǹpútà kan bá há wọn lọ́rùn, èmi ni wọ́n ń pè kí wọ́n tó pe ọ̀gá.

Ìgbà náà ni ọkọ mi obìnrin parí yunifásítì, kò rí iṣẹ́, ó ń sùn títí oòrùn fi ń kàn án lójú. Àlàájà ní kó máa tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Obalende kó má baà di ọ̀lẹ. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo mú un gòkè lọ. Mo ti múra bí n óò ṣe fi í han ọ̀gá, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fi eyín yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ káàsán o, sà. Ìyàwó mi ló mú mi wá."

Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bi í bí òun obìnrin ṣe níyàwó, ó sì ṣàlàyé fún wọn tayọ̀tayọ̀, títí kan omi tó gbé. Láti ọjọ́ náà, Àǹtí parẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè mí ní Ìyàwó, ọ̀gá ń pè mí ní Ìyàwó, ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá nísàlẹ̀ náà ń pè mí ní Ìyàwó. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi gbé agbo ilé gun àtẹ̀gùn wá.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, n kì bá tí kọ èyí. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Kì í ṣe pé ó ń kọ́ ọ, ó dà bíi pé ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó kàn ń rántí ni. Kọ̀ǹpútà tó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀sán kan ló fi ṣí i, pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́. Kì í kánjú. Kì í fajúro. Á máa kọrin nímú, á máa fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì torí pé ẹ̀pà wà ní ọwọ́ kejì, á wá sọ lójijì pé, "Ó ti ṣí." Lẹ́yìn náà á yíjú sí tèmi. "Ìyàwó mi, ẹ wo ibí." Ìka oníyọ̀ yẹn á na gan-an sójú kọ̀ǹpútà mi, sí ibi tí mo ti ń wò láti àárọ̀ tí n kò rí i. Á tún máa bá mi yọ̀ bí ó bá ṣí, bí ẹni pé èmi ni mo ṣí i.

Owú ni. Mo ti gbìyànjú láti fún un lórúkọ mìíràn, kò gbà. Lórí ọkọ ni àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń jowú; ọkọ gan-an ni èmi ń jowú. Mo ń jowú ìka rẹ̀, mo ń jowú ẹ̀pà rẹ̀, mo ń jowú orin imú. Bí mo bá ń bọ̀ láti orí iṣẹ́, tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, màá dúró síbẹ̀ títí ẹ̀rín náà á fi tán. Ó tún burú jù pé kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ká ní ó ń gbéraga ni, ǹ bá gbádùn kíkórìíra rẹ̀. Ó ń bá mi gbé báàgì. Ó ń ra ẹ̀pà kún tirẹ̀ fún mi, èmi á sì jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú ìbínú.

Ọkọ tó fẹ́ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá, ní kí n fi ọmọ náà sílẹ̀. Ó ní, "Àbúrò ẹ mà ni."

Mo ní, "Ọkọ mi ni. Ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó."

Ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Nígbà tó yá, ọ̀gá kéde pé iṣẹ́ ti ń pọ̀ jù fún òun, òun yóò mú ẹnìkan nínú wa tí yóò máa bá òun lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́. Ẹnìkan péré. Àga kan wà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ tó máa ń kó báàgì lé. Ó gbé àwọn báàgì náà sílẹ̀, ó fọwọ́ gbá àga, ó ní ẹni tó bá yege ni yóò jókòó síbẹ̀. N kò gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀lé e dáadáa torí pé àga ni mò ń wò. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí i pé ọkọ mi kò jẹ ẹ̀pà mọ́. Òun náà ń wo àga.

Ìdánwò náà yóò jẹ́ lórí ṣọ́ọ̀bù gidi, kì í ṣe kọ̀ǹpútà tó mọ̀ọ́mọ̀ bàjẹ́. Ọ̀gá béèrè ẹni tó mọ oníṣòwò kan tó lè gbà. Ọkọ mi nawọ́ sókè kí n tó ronú. Ó ní Màámi àwọn ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Sandgrouse, edé àti panla ni wọ́n ń tà ní àpò-àpò, wọ́n sì ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń mọ iye ọjà tó kù.

A jọ lọ bá Àlàájà níbẹ̀. Wọ́n jókòó sáàárín àpò edé, ìgò ojú wọn wà lórí gèlè. Ọ̀gá ṣàlàyé títí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Kí n gbọ́ ọ re. Ọmọ mi àti ìyàwó mi fẹ́ wá jà mí lólè, ẹ sì wá tọrọ àyè?"

Mo ní, "Kì í ṣe olè, mà. A fẹ́ wò ó bóyá olè lè wọlé ni."

"Kí ni wọ́n máa rí kó? Edé?" Wọ́n fi ìgò ojú wọn sí i, wọ́n ka ìwé náà látòkè délẹ̀, wọ́n buwọ́ lù ú. "Ẹ ṣáà má ba ẹ̀rọ mi jẹ́ o. Ọjà ń bọ̀ ní Friday."

Ọ̀gá da gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn kọ sórí ọ̀kan nínú tiwa kí ọjà wọn má baà dúró. Ó kìlọ̀ fún àwa méjèèjì pé a kò gbọ́dọ̀ yọjú wo Àlàájà nídìí ẹ̀rọ wọn, a kò sì gbọ́dọ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè nílé. Ohun tí a bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí a fi ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá Àlàájà to ẹ̀rọ náà mọṣẹ́. Gbogbo ibi tí a máa ń gbà lára àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù ni ó ti dí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù gbìyànjú títí, wọ́n gbà fún un. Ó ku páswọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ àṣírí tí Àlàájà fúnra wọn fi ti ẹ̀rọ náà. Bí a ṣe ń ṣe èyí kò le. O máa ronú lórí ẹni tó ni ín, o máa kó àwọn ọ̀rọ̀ tó lè lò jọ, kọ̀ǹpútà yóò máa so nọ́ńbà mọ́ wọn, yóò sì máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ èèyàn ló máa ń yege níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà. Mo wo ọkọ mi, mo ní mo ti gbé, torí pé ta ló lè mọ ìyá ju ọmọ lọ?

Ó kó gbogbo orúkọ ilé wọn jọ: ti bàbá wọn tó ti kú, ti ẹ̀gbọ́n, ti àbúrò, ti ọmọ-ọmọ, ti àwọn ìyá ìyá wọn. Ó fi Mẹ́kà kún un. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹ ẹ̀pà, a sì dúró títí wọ́n fi pe ìrun alásárì ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀. Kò ṣí.

Mo jókòó, mò ń wo àwọn orúkọ tó kó jọ. Orúkọ tó péye ni gbogbo wọn, èyí tí wọ́n fi sọmọ lórúkọ. Bí mo ṣe ń wò wọ́n ni mo rántí pé n kò pe ẹyọ kan nínú wọn rí. Àwa ìyàwó kò gbọ́dọ̀ pè é. Mo wá rántí pé Àlàájà náà, ìyàwó ni wọ́n gbé wọn wọ ilé yẹn. Ilé ìdáná àwa ìyàwó ni wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé wọn. Ìyàwó ló ni ẹnu wọn.

Mo nu àwọn orúkọ tí ọkọ mi kó jọ dànù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiwa. Opẹ́lẹ́ńgẹ́. Adúmáadán. Ìbàdíàrán. Akọ́wé. Gbogbo orúkọ tí ìyàwó kan ti fi kẹ́ ọkọ rí nínú ilé náà, mo kọ ọ́. Mo kọ Eyínfúnjowó níkẹyìn nítorí pé ó wà lára wọn, n kò tilẹ̀ fọkàn sí i. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ sáré díẹ̀, ó dúró.

Eyínfúnjowó ni, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí i.

Inú mi dùn fún bí ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni owú gbé mi. Nínú gbogbo ọmọ tí Àlàájà bí, nínú gbogbo ohun tó wà láyé wọn, òun ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ọrọ̀ wọn, orúkọ tí èmi fi ẹnu mi sọ ni wọ́n sì fi tì í. Mo wọlé, ṣùgbọ́n lórí ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo gùn wọlé. Ọ̀gá ní kí n sọ ọ́ jáde kí gbogbo èèyàn gbọ́. Mo sọ ọ́ jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́, n kò sì mọ ẹni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ọkọ mi dìde, ó dì mọ́ mi. "Ẹ̀yin mà lẹ sọ mí bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi. Báwo ni mi ò ṣe rántí?"

Mo ti ń rìn lọ sídìí àga nígbà tí ọ̀gá nawọ́ dá mi dúró. Ó ní nínú iṣẹ́ yìí, rírí ihò kò tíì tó. Onílé máa ń lọ dí i, a sì gbọ́dọ̀ padà lọ wò ó bóyá ó dí i dáadáa. "Ìyàwó, ẹ lọ sọ fún màmá kí wọ́n yí i padà. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ká tún gbìyànjú. Tí kò bá sẹ́ni tó wọlé, ẹ̀yin lẹ ni àga. Tí ẹ̀yin bá tún wọlé, ẹ̀yin náà ni. Tí ẹlòmíì bá wọlé, òun ló ni ín."

Ìyẹn ni pé ohun tí mo ń fẹ́ báyìí ni kí Àlàájà fi òòlù kan ìlẹ̀kùn náà pa. Mo sáré lọ sí Sandgrouse. Mo ní wọn kò gbọ́dọ̀ lo ohun tí wọ́n ń pe èèyàn nínú ilé mọ́, kí wọ́n lo ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀.

"Ohun tí kò nítumọ̀, ta ló máa bá mi rántí ẹ̀?" Wọ́n wò mí. "Ta ló ṣí èyí tó wà níbẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ló dé tí ojú ẹ wá le báyìí? Ṣebí ìwọ lo borí."

Mo ní oòrùn ni. Wọ́n tún wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo kọ ẹ̀yìn. Mo gbọ́ tí ìka wọn ń tẹ bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ díẹ̀. Inú mi dùn pé ó gùn. Nígbà tí mo padà dé Obalende, mo ròyìn ìkìlọ̀ mi fún ọ̀gá, gbogbo wọn sì gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò lọ bọ̀rọ̀. Nígbà tó pé, ọ̀gá tún da ẹ̀rọ náà kọ, a jókòó. Èmi ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, n kò sì fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú un, nítorí pé mo fẹ́ kó hàn pé mo ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Mo dán gbogbo orúkọ ọmọ wò. Mo dán gbogbo orúkọ tí ìyàwó fi ń kẹ́ ọkọ wò. Mo dán ti àwọn òkú wò, ti àwọn oníbàárà, ti oríṣiríṣi edé. Mo tilẹ̀ dán orúkọ tí àwọn ọmọdé sọ àgbò Iléyá wò. Gbogbo rẹ̀ ni kò ṣí, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí kò bá sì ṣí, ó ń dà bíi pé mo ti ń sún mọ́ àga náà. Mo gbọ́wọ́ kúrò. Mo ní, "Ó ti dí." Mo sọ ọ́ bí ọ̀gá ṣe máa ń sọ ọ́.

Ó kan ọkọ mi. Kò mú ẹ̀pà wá lọ́jọ́ náà. Kò kọ orin kankan. Kò kó ọ̀rọ̀ jọ, kò pe ẹ̀rọ kó bá a dán nǹkan wò. Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó ń ronú. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó wò mí. Ó wò mí bó ṣe wò mí lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tó gbé omi dání. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nǹkan kan, kò gùn púpọ̀, ìlẹ̀kùn sì ṣí.

Ọ̀gá ní, "Kí lẹ tẹ̀?"

"Ìyàwó wa," ni ó wí. "Pẹ̀lú ọdún tí wọ́n gbé wọn wá."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dìde lọ wo ojú ẹ̀rọ náà. Ibẹ̀ ló wà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀ láìsí àlàfo, iyawowa, àti ọdún tí wọ́n fọ ẹsẹ̀ mi.

Ọ̀gá bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi ti kìlọ̀ fún Màámi pé kí wọ́n má lo ohun tí wọ́n ń pè wá nílé. Màámi ò sì lè rántí ohun tí wọn kì í pè. Mo wá bi ara mi pé ta ni wọ́n ń pè jù nílé tí kò lè wá sọ́kàn ìyàwó mi." Ó yíjú sí mi. "Ọdún yẹn, èmi náà ni mo gbómi."

Mo ti dán àgbò wò. Mo ti dán edé wò. Gbogbo ohun tó ní ẹ̀mí àti ohun tí kò ní ẹ̀mí nínú ilé yẹn ni mo ti gbà pé Àlàájà lè fẹ́ràn débi pé kí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, àfi èmi.

Ó jókòó sórí àga náà. Kò tilẹ̀ jókòó dáadáa, etí rẹ̀ ló jókòó sí, ó ń wò mí bóyá màá bínú. Mo bínú. Mo tún ń sunkún, n kò sì lè sọ fún un pé kì í ṣe nítorí àga nìkan. Kẹ̀kẹ́ kan náà la jọ wọ̀ padà sí Olówógbowó.

Àlàájà wà lọ́dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló wọlé lónìí?"

Mo kúnlẹ̀. "Ọkọ mi ni, mà."

"Ìwọ ò wọlé?"

"Mi ò wọlé, mà."

"Èmi tí mo fi tìẹ sí i torí kí ojú ẹ lè rọ̀," ni Àlàájà wí. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu, bí ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ fún èèyàn lọ́wọ́ tí onítọ̀hún ń gbá ilẹ̀kùn. "Kí lo wá ń tẹ̀ láti àárọ̀?"

N kò lè sọ fún wọn pé àgbò ni.

Ọkọ mi ṣì ń jókòó sórí àga yẹn títí di òní. Ó ń wọ àwọn ilé gíga ní Marina pẹ̀lú ọ̀gá, ó ń bọ̀ wá sọ ìtàn fún wa, mo sì ń jowú rẹ̀ síbẹ̀. N kò ní purọ́. Èmi ṣì ń gòkè lọ fọwọ́ kan àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù lẹ́yìn iṣẹ́. Àlàájà ti yí páswọ́ọ̀dù wọn padà lẹ́yìn ìyẹn, torí pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ̀ wọ́n. N kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n yí i sí; n kò fẹ́ mọ ẹni tó gba ipò mi níbẹ̀. Ọ̀gá ní kí n lọ dán an wò, mo ní kó rán ẹlòmíràn.